Ẹ mú opening kan kẹ́ ẹ jókòó tì í: bí wọ́n ṣe ń yan opening chess, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ọ

Opening ni àwọn move tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́ẹ̀mù chess. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo há ìlà kan nínú ọ̀kan lára wọn, Sicilian Najdorf, sórí títí dé move 18, mo mọ̀ ọ́n débi pé bẹ́ ẹ bá jí mi lóru màá kà á fún yín bí ẹni ń ki oríkì, oṣù méjì gbáko ni mo fi há a. Ẹ mọ iye ìgbà tí mo rí i lò? Ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn yòókù, move 2, move 3 ni wọ́n ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹlòmíì á gbé bíṣọ́ọ̀bù lọ síbi tí ìwé mi ò dárúkọ rí, èmi á wá máa wo bọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ nílùú tí kò mọ̀ lóru. Ìgbà kan ṣoṣo tó wá bọ́ sójú ẹ̀ yẹn, mo ta move 18 láàárín ìṣẹ́jú méjì, ṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó kan èmi fúnra mi láti ronú, mi ò mọ ohun tí àwọn ọmọ ayò mi wá ṣe níbi tí wọ́n wà. Bó ṣe jẹ mí nìyẹn.

Àṣìṣe yìí pọ̀ lọ́wọ́ àwa tá à ń ta chess, a máa ń rò pé ẹni tó bá há opening jù ló máa jẹ. Bọ́ọ̀dù ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Funfun ní move 20 tó lè fi bẹ̀rẹ̀, dúdú náà ní 20 tó lè fi dáhùn, ìyẹn nìkan ti di ipò 400 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó ta move kejì, ta ló fẹ́ há ìyẹn sórí? Ohun tí opening ń ṣe ni pé ó ń mú yín lọ síbi ìjà kan, tó bá jẹ́ ìjà tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n jà ara yín á balẹ̀, tó bá jẹ́ èyí tí kò bá yín lára mu, kódà kí ẹ́ńjìnì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta chess, máa pariwo pé ẹ̀yin lẹ wà lókè, wọ́n á ṣì jẹ yín.

Kí n tó lọ jìnnà, àwọn lẹ́tà tí màá máa lò rèé: N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, R ni rúùkù, Q ni kúìn, K ni ọba, pọ́ọ̀nù ò ní lẹ́tà, x ni pé wọ́n jẹ nǹkan, + ni ṣẹ́ẹ̀kì (wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọba), # ni méètì (ọba ò ríbi sá mọ́, gẹ́ẹ̀mù parí), O-O ni kí ọba sá pamọ́ sẹ́yìn rúùkù. Lẹ́tà kékeré a títí dé h ni ojú ọ̀nà tó lọ láti ọ̀dọ̀ funfun sí ọ̀dọ̀ dúdú, nọ́ńbà 1 títí dé 8 ni ìlà tó dábùú ẹ̀, nítorí náà e4 ni ilé tí ojú ọ̀nà e ti pàdé ìlà kẹrin; tẹ́ ẹ bá rí ... lẹ́yìn nọ́ńbà move, dúdú ló ta á. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa tà á bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹni tó bá kàn fojú kà á kọjá ò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Irú ìjà wo lẹ mọ̀ ọ́n jà?

Lọ́dún 2000, Kasparov àti Kramnik jókòó ní London láti du ipò ọba chess àgbáyé. Kasparov ti wà lórí àga yẹn látọdún 1985, bó bá fi lè ráyè gbé kúìn kọlù yín, ẹ ti kú. Kramnik bá lọ hú opening àtijọ́ kan jáde, Berlin, tí àwọn ọ̀ta ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí mọ́: 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bb5 Nf6 4.O-O Nxe4 5.d4 Nd6 6.Bxc6 dxc6 7.dxe5 Nf5 8.Qxd8+ Kxd8. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. Ọba dúdú wà ní àárín, kò lè sá pamọ́ mọ́, pọ́ọ̀nù ẹ̀ méjì to sórí ara wọn lójú ọ̀nà c, ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní funfun ló ń gbádùn. Ṣùgbọ́n kúìn méjèèjì ti kúrò nílẹ̀! Kò sóhun tí Kasparov máa fi kọlù èèyàn mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bọ́ sí Berlin nínú ìdíje yẹn, ọ̀mì ni, nínú gẹ́ẹ̀mù 15 tí wọ́n ta Kramnik jẹ 2, 13 tó kù di ọ̀mì, Kasparov ò jẹ ẹyọ kan, bí adé ṣe kúrò lórí ẹ̀ nìyẹn.

Kramnik ò wá opening tí ẹ́ńjìnì fẹ́ràn jù. Ó wá ibi tóun lè gbé, tí ẹnì kejì ò lè gbé. Bí èmi náà ṣe ń yan opening báyìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí mò ń bá ta ò sún mọ́ Kasparov rárá (èmi gan-an ńkọ́).

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tẹ́ ẹ lè gbé? Ẹ má jókòó máa bi ara yín pé irú òṣèré wo ni mí o, irọ́ la máa ń pa fún ara wa níbẹ̀, gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Tal, ọba àgbáyé ìgbà kan, tó ń fi ẹṣin rúbọ kiri. Ẹ ṣí gẹ́ẹ̀mù 20 tẹ́ ẹ ta gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibo ló ti bà jẹ́? Ṣé ọba yín ni wọ́n kọlù, àbí ẹ̀yin lẹ kọlù wọn tí ọwọ́ yín ò tó o, àbí ibi tí bọ́ọ̀dù ti dí pa, tí kò sí ọ̀nà, ni sùúrù yín ti tán tẹ́ ẹ wá ti pọ́ọ̀nù tí kò yẹ kẹ́ ẹ tì? Nígbà témi ṣe é, nínú 20 mo rí 9 tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo la ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá pa mí, torí mi ò lè jókòó jẹ́jẹ́. Mo sì ń ta Najdorf o! Ẹ ò rí i pé orí mi ò pé.

Tó bá jẹ́ pé ibi tó ṣí sílẹ̀ ni ara yín ti máa ń yá, tí gbogbo ọmọ ayò ti jáde tí wọ́n ń yìnbọn síra wọn, ẹ lọ mú Italian, 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4, ó lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti ń tà á, kò tíì gbó. Ẹni tó bá lè dúró nínú ìhá, tó lè máa kún ìlà pọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀ títí ibì kan á fi ya, French wà fún un: 1.e4 e6 2.d4 d5 3.e5 c5, bíṣọ́ọ̀bù c8 yín á wà látìmọ́lé fún ìgbà pípẹ́ ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbá, d4 ni. Àwọn tó láyà, tó lè jẹ́ kí funfun gba àárín bọ́ọ̀dù tán kí wọ́n tó padà wá fi pọ́ọ̀nù e5 àti f5 dáná sun ún, King's Indian ni tiwọn, Fischer àti Kasparov fi jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ bí iná yẹn ò bá jó, ẹ̀gbẹ́ kúìn yín ti lọ nìyẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ ilé tí kò jò, Caro-Kann, 1.e4 c6. Mo máa padà sórí Caro-Kann torí òun ni mo mọ̀ jù.

Àwọn tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ẹṣin ṣe ń fò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá opening kankan. Ẹ ti pọ́ọ̀nù kan sí àárín, ẹ kó ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, ẹ gbé ọba pamọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ kẹ́ ẹ tó gbéra, ó tán. Ọ̀pẹ tó bá ń ka ìwé opening nígbà tó ṣì ń fi kúìn sílẹ̀ kí wọ́n jẹ, àsìkò ló ń fi ṣòfò.

Mélòó lẹ nílò?

Mẹ́ta. Ọ̀kan fún ìgbà tẹ́ ẹ bá mú funfun, ọ̀kan fún dúdú tí wọ́n bá ta e4, ọ̀kan fún dúdú tí wọ́n bá ta d4. Àwọn tó bá ta c4 tàbí Nf3, ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á padà wá bá yín níbi tẹ́ ẹ ti mọ̀ ni.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún èèyàn ni pé mẹ́ta yìí lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ wo Caro-Kann, pọ́ọ̀nù dúdú máa ń wà ní c6, d5, e6, bíṣọ́ọ̀bù ti jáde lọ sí f5 kí e6 tó tìlẹ̀kùn. Ẹ wá wo Slav, 1.d4 d5 2.c4 c6, pọ́ọ̀nù náà ṣì ni c6, d5, lẹ́yìn náà e6, ìjà bí bíṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe máa jáde ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wá yí bọ́ọ̀dù po sí ẹ̀yìn funfun, opening tí wọ́n ń pè ní London: pọ́ọ̀nù c3, d4, e3, bíṣọ́ọ̀bù ti wà ní f4. Ìrísí kan náà! Ẹni tó bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kọ́ kan ló ń kọ́ nígbà mẹ́ta, ohun tó bá rí nínú èyí tó ta láàárọ̀ á wúlò fún un nínú èyí tó ń ta lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú King's Gambit fún funfun, French fún e4, King's Indian fún d4, ilé mẹ́ta ní àdúgbò mẹ́ta ló ń gbà, owó ilé á sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

System, àti ẹ̀tàn tó wà nínú ẹ̀

Wọ́n máa ń pe àwọn opening kan ní system torí pé move kan náà lẹ lè máa ta láìka ohun tí ẹnì kejì ń ṣe sí. London ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, látinú ìdíje London ọdún 1922 tí Capablanca gbégbá orókè ni orúkọ náà ti wá. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayò ọ̀lẹ ni, ẹ dá wọn lóhùn pé Ding Liren fi jẹ Nepomniachtchi ní gẹ́ẹ̀mù kẹfà ìdíje ọba àgbáyé ní Astana lọ́dún 2023.

Move yẹn nìyí: d4, Bf4, e3, Nf3, c3, Nbd2, Bd3, O-O. Bf4 gbọ́dọ̀ ṣáájú e3, torí bẹ́ ẹ bá ti e3 ṣáájú, ẹ ti ti bíṣọ́ọ̀bù yín mọ́lé nìyẹn, gbogbo ìdí tẹ́ ẹ ṣe mú London ti bọ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá dúró sáyè ẹ̀, ẹṣin á lọ jókòó ní e5, bíṣọ́ọ̀bù d3 ń wo h7, kúìn á yọ sí f3 tàbí h5, ọba dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ó dùn lẹ́nu àbí? Ẹ̀tàn ẹ̀ wá ni pé àwọn èèyàn máa ń ta move mẹ́jọ yìí bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, wọn ò wo ojú ẹni tó jókòó síwájú wọn. Gbogbo ẹni tó mọ nǹkan díẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń da London rú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ mẹ́rin yìí kẹ́ ẹ tó tà á rárá.

Àkọ́kọ́, tó le jù, ni c5 pẹ̀lú Qb6. Bíṣọ́ọ̀bù yín ti kúrò ní c1, òun ló ń ṣọ́ b2 tẹ́lẹ̀, kúìn dúdú á wá jókòó sórí b2 bí onígbèsè. Bí àpẹẹrẹ 1.d4 d5 2.Bf4 Nf6 3.e3 c5 4.c3 Nc6 5.Nd2 Qb6. Ẹ dáhùn pẹ̀lú 6.Qb3, kẹ́ ẹ wojú ara yín. Tó bá jẹ kúìn yín, ẹ fi pọ́ọ̀nù a jẹ tiẹ̀ padà, pọ́ọ̀nù yín á to méjì méjì lóòótọ́ ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà a ti ṣí fún rúùkù yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá fi c4 lé yín, ẹ padà sí Qc2, ẹ má bínú, c4 yẹn ti gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn d4 yín, ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í múra àti ti e4.

Ẹnì kejì á gbé ẹṣin lọ sí h5 láti wá bíṣọ́ọ̀bù yín kiri. Ẹ̀rù ò bà wá. Ẹ lè fà á sẹ́yìn sí g3, tó bá jẹ ẹ́ níbẹ̀ ẹ fi pọ́ọ̀nù h jẹ ẹṣin yẹn, rúùkù yín tó wà ní h1 á rí ojú ọ̀nà tó mọ́ lọ bá ọba ẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mi ò kì í fi kánjú gbé ọba pamọ́ tí mo bá ti rí ẹṣin tó ń wo h5. Tẹ́ ẹ bá sì ti ti h3 tẹ́lẹ̀, h2 ni bíṣọ́ọ̀bù máa sá lọ, kò sẹ́ni tó máa rí i mú.

Bd6 ni ìkẹta, wọ́n fẹ́ fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Bg3, kí wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́, ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀nù h tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìkẹrin ni g6, àwọn tó ń tò ó bíi King's Indian. Ibí ni mo ti ń mọ ẹni tó há London sórí àtẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó há a á gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d3, kí wá ló ń wò níbẹ̀? g6! Pọ́ọ̀nù tó dì bí òkúta, kò lè gbé e mì. Be2 ló dáa jù níbẹ̀, pẹ̀lú h3 kí bíṣọ́ọ̀bù f4 lè rí ibi sá sí nígbà tí e5 bá dé, torí e5 ń bọ̀ dandan.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà kan, ojú kan ṣoṣo, tí ò bá gba ojú kan a jẹ́ pé mo ti ń há nǹkan nìyẹn. Ohun tí mo máa ń kọ sí i: báwo ni pọ́ọ̀nù ṣe máa ń rí, ilé wo ni ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan fẹ́ gbé, pọ́ọ̀nù wo ni màá tì láti fi fọ́ àárín, ọmọ ayò wo ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ àtèyí tí mi ò fẹ́. Bí àpẹẹrẹ fún Caro-Kann níbi tí funfun bá ti ti e5, 1.e4 c6 2.d4 d5 3.e5, ohun tó wà lórí bébà mi ò ju báyìí lọ: bíṣọ́ọ̀bù jáde sí f5 kíákíá, lẹ́yìn náà e6, ẹṣin g8 ò lè lọ f6 torí e5 ti gbà á nítorí náà e7 ni yóò gbà, ẹṣin kejì d7 tàbí c6, c5 ni màá fi gbá d4, àárín ò ní ṣí títí màá fi gbá a. Kò sí move 18 níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mo á wá gẹ́ẹ̀mù bíi mẹ́jọ tí ọ̀ta kan ta nínú opening yẹn. Karpov fún Caro-Kann, Korchnoi fún French, Kamsky fún London, àwọn tó ta á fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ, kì í ṣe ẹni tó ta á lẹ́ẹ̀kan fi da ènìyàn rú. Ẹ wò ó títí dé òpin o! Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró ní move 12 torí pé opening ti parí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí lọ̀ta yìí wá ṣe pẹ̀lú ibùdó yẹn, pọ́ọ̀nù wo ló ṣẹ́gun fún un ní move 40? Mo máa ń fi ọwọ́ bo move tó ń bọ̀, màá kọ́kọ́ méfò tèmi kí n tó wò ó, tí mo bá ti ń méfò méjì bá nínú mẹ́ta, mo mọ̀ pé ara mi ti ń mọ ilé.

Ẹ wá tà á, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n tán. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gẹ́ẹ̀mù ìṣẹ́jú kan, ìka nìkan ló ń kọ́ nǹkan níbẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá parí, kẹ́ ẹ jẹ o kí wọ́n jẹ yín o, ẹ lọ wá move àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Move kan yẹn nìkan. Ẹ wo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín, ẹ pa á dé. Lichess, ìkànnì chess kan, ní ibi tẹ́ ẹ lè kó gbogbo ẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ìwé àti bírò náà ò burú. Move kan fún gẹ́ẹ̀mù kan dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, àmọ́ lẹ́yìn gẹ́ẹ̀mù 60 ẹ ti ní 60 nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, irú ẹ̀ kì í kúrò lórí.

Ẹ jẹ́ n fi èyí tó dùn mí jù ṣe àpẹẹrẹ. Nínú Caro-Kann tó wọ́pọ̀, 1.e4 c6 2.d4 d5 3.Nc3 dxe4 4.Nxe4 Bf5 5.Ng3 Bg6 6.h4 h6, gbogbo ẹ̀ dáa, àìmọye ọ̀ta ló ń ta á. Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan ò ta d4, ó kó ẹṣin méjèèjì jáde: 1.e4 c6 2.Nc3 d5 3.Nf3. Mo ní kí ló kàn mí, mo ta tèmi lọ, 3...dxe4 4.Nxe4 Bf5 5.Ng3 Bg6 6.h4 h6, ó bá fò wọ ilé 7.Ne5. Bh7, mo sá. 8.Qh5, ó ń wo f7 láti fi ṣe méètì. Mo ti g6, mo rò pé mo ti mú kúìn ẹ̀. 9.Bc4. Ẹ wò ó! Bí mo bá jẹ kúìn yẹn, 10.Bxf7#, ẹṣin e5 ń ṣọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ó tún ń ṣọ́ d7, ọba mi ò níbi tó máa gbà. Mo ti e6, ó fa kúìn ẹ̀ padà sí e2, ilé mi ti ya lápá méjì.

Kí ló yàtọ̀? Move kan ṣoṣo. Nígbà tí funfun bá fi move kan ti d4, ẹṣin ẹ̀ ò tíì jáde ní g1, mo ní àyè láti gbé Nd7 kí n fi ṣọ́ e5 kó tó débẹ̀. Nígbà tí kò ti d4, ẹṣin ti wà ní f3, ó kàn fò wọlé ni. Ẹ́ńjìnì lè sọ fún mi pé 4...Bf5 ò dáa níbẹ̀, kò lè sọ pé nítorí e5 ni, èmi ni mo fi nǹkan bí wákàtí kan wá ìyẹn, látọjọ́ náà mo ti ń gbé bíṣọ́ọ̀bù lọ sí g4 ní move 3 láti di ẹṣin yẹn mú, tí mo bá sì rí Caro-Kann èyíkéyìí, e5 ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa lo ẹ́ńjìnì nìyẹn, ẹ má bi í pé kí ni kí n ta, ẹ ta èyí tó wà lọ́kàn yín kẹ́ ẹ rí bó ṣe máa fìyà jẹ yín. Tó bá sọ pé move kan fi 0.2 dáa ju èkejì lọ, ẹ mú èyí tó yé yín, ìdá márùn-ún pọ́ọ̀nù kan ò lè gbà yín lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo àká gẹ́ẹ̀mù orí Lichess, ó ní ti àwọn ọ̀ta, ó sì ní ti gbogbo èèyàn, ẹ sì lè yan rating (nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ẹni ṣe tó) tẹ́ ẹ fẹ́ níbi ti gbogbo èèyàn. Tiyín ni kẹ́ ẹ yàn. Ohun tí àwọn ọ̀ta ń ta lòdì sí London ò kàn yín tó ohun tí ẹni tẹ́ ẹ máa pàdé lálẹ́ òní máa ta.

Pańpẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ́ èyí tó wà nínú ilé tiyín kí wọ́n má baà fi mú yín, ẹ má lọ fi ṣe iṣẹ́. Caro-Kann ní ọ̀kan tó burú: 1.e4 c6 2.d4 d5 3.Nc3 dxe4 4.Nxe4 Nd7 5.Qe2 Ngf6, ẹ rí i bó ṣe dà bí ohun tó dáa, 6.Nd6#. Pọ́ọ̀nù e7 ò lè jẹ ẹ́ torí kúìn e2 ti gún un mọ́ ọba, àwọn ará ilé ọba fúnra wọn ló dí gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé.

Ìgbà wo lẹ lè pààrọ̀ opening? Kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jẹ yín léra léra lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ta á tó gẹ́ẹ̀mù 50, kẹ́ ẹ tún ṣe iṣẹ́ gbólóhùn kan tí mo sọ lókè yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé move 30 lẹ ti ń fi rúùkù sílẹ̀, opening ò jẹ yín ní gbèsè kankan, ẹ lọ ṣe pọ́sù (puzzle), àwọn àdììtú chess tí wọ́n ní kéèyàn wá move tó dáa jù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dé move 12 ni kò ti sóhun tó ń wù yín ṣe níbẹ̀, ẹ kó kúrò nílé yẹn, ẹ wá òmíràn. Bí ẹ bá ní wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ fún chess, wákàtí kan ni kẹ́ ẹ fún opening, ó ti tó, mẹ́rin tó kù kó lọ sórí pọ́sù àti títa gan-an.

Ìwé tí mo kọ Najdorf yẹn sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lóṣù tó kọjá ẹnì kan ta á fún mi, èmi ni mo mú funfun, mo ní kí n fi e4 ṣeré lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé kíákíá ló ń ta move ẹ̀, kò tiẹ̀ ń wo bọ́ọ̀dù: 1.e4 c5 2.Nf3 d6 3.d4 cxd4 4.Nxd4 Nf6 5.Nc3 a6. Mo bá rọra ti h3. Ó dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi wo pọ́ọ̀nù kékeré yẹn, àánú ẹ̀ ṣe mí, torí mo mọ ibi tó wà.